Ẹni tí ó Bá Ìtàn Lágbedeméjì

Nínú àlọ́ Ìjàpá, kò sí ẹni tí ó ń pẹ́ dé. Ọmọ tí kò sí ní ìdí àlọ́ lánàá lè jókòó lálẹ́ òní, kí ó sì máa gbe orin bí àwọn tí wọn kò pa alẹ́ kan jẹ rí. Ìjàpá lè kú sí ìdí olè lónìí; bí ilẹ̀ ọ̀la bá ṣú, yóò tún dìde, yóò tún máa wá ọgbọ́n tí yóò fi rẹ́ àna rẹ̀ jẹ. Gbèsè àná kò sí lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Yánníbo aya rẹ̀ pàápàá kò rántí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Bí àlọ́ kan bá ti parí, ohun gbogbo tí ó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ parí pẹ̀lú rẹ̀, èyí ni kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa béèrè pé èwo ni kí òun kọ́kọ́ gbọ́.

Ìtàn àròsọ àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n kọ ní ọ̀wọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá kú ti kú nìyẹn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ṣá lọ́gbẹ́ nínú ìwé kejì yóò máa tiro nínú ìwé kẹta. Ìgbéyàwó tí ó ń jò bí ògbólógbòó ilé nínú ìwé kan lè wó nínú òmíràn. Ọdún ń gorí ọdún, ọmọ ń dàgbà, ọ̀gá ń gba ìgbéga tí kò tọ́ sí i. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mú ọ̀kan nínú wọn níbi tí kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ dà bí àlejò tí ó wọ ilé ní ọjọ́ tí ìdílé ń ṣe ìpàdé: kò sí ẹni tí ó lé e jáde, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ni ó ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́yìn.

Ọ̀kan lára àwọn ọ̀wọ́ ìwé bẹ́ẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Yúróòpù ni ti Martin Beck, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní ìlú Stockholm ní orílẹ̀-èdè Swídìn. Maj Sjöwall àti Per Wahlöö, akọ̀ròyìn méjì tí wọ́n jọ ń gbé bí tọkọtaya, ni wọ́n jọ kọ ọ́. Ìwé mẹ́wàá ni, láti orí Roseanna tí ó jáde ní 1965 títí dé èyí tí ó jáde ní 1975, ọdún tí Wahlöö kú. Sjöwall wà láàyè títí di 2020. Wọ́n a máa kọ ìwé náà lóru nígbà tí àwọn ọmọ wọn bá ti sùn. Bí ọ̀kan ti ń kọ orí kan ni èkejì ń kọ èyí tí ó tẹ̀ lé e. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti pinnu pé mẹ́wàá ni yóò jẹ́, orí 30 nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ ìtàn kan ṣoṣo tí ó ní orí 300. Orúkọ tí wọ́n fún àpapọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn túmọ̀ sí ìtàn ọ̀ràn kan. Ọ̀ràn tí wọ́n ní lọ́kàn kọjá ti àwọn apànìyàn tí ọwọ́ ń tẹ̀ nínú ìwé náà. Ó kan ìjọba tí wọ́n gbà pé ó ti kẹ̀yìn sí àwọn òṣìṣẹ́ tí ó gbé e dépò. Àwọn méjèèjì tún jẹ́ ògbufọ̀: wọ́n túmọ̀ lára àwọn ìwé Ed McBain, ará Amẹ́ríkà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ tirẹ̀ nípa àgọ́ ọlọ́pàá kan ní 1956. 

Ìwé kẹrin nínú mẹ́wàá yìí ni ó bọ́ sí ọwọ́ olùkọ́ èdè Yorùbá kan. Kò rà á, kò sì yá a. Wọ́n gbé olùkọ́ náà wá sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní àárín sáà kejì, láti gba ipò olùkọ́ mìíràn tí ó ṣàdédé ṣaláìsí. Wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n so owú pupa mọ́, wọ́n sì fi tábìlì kan hàn án. Nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì náà ni ó ti bá ẹfun ìkọ̀wé, ìdìpọ̀ ìwé ìdánwò tí wọ́n ti máàkì dé ìdajì, ìwé àjákọ kan tí èèpo rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, àti ìwé ọlọ́pàá yìí ní ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. The Laughing Policeman ni orúkọ rẹ̀, èyí ni Ọlọ́pàá tí ń Rẹ́rìn-ín. Ọdún 1968 ni ó kọ́kọ́ jáde ní Swídìn. Nígbà tí ó di 1971, àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Amẹ́ríkà fi àmì ẹ̀yẹ Edgar dá a lọ́lá. Olóògbé náà ti fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní ibi tí ìwé bá ti mẹ́nu kan ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ó kọ àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé. Ó hàn gbangba pé agbedeméjì ni òun náà ti bẹ̀rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù November 1967 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Òjò ń rọ̀ ní Stockholm bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Níwájú ilé aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn ń fi ẹ̀hónú hàn nítorí ogun Vietnam, àwọn ọlọ́pàá sì ti ya lọ síbẹ̀ bí eéṣú, débi pé agbára káká ni ìyókù ìlú fi rí ẹni ṣọ́ ọ. Beck wà ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ Kollberg, wọ́n ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ayò àwọn òyìnbó. Ní òru ọjọ́ náà kan náà ni wọ́n rí bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì kan tí ó ti yà kúrò lójú títì. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ìbọn arọ̀jò-ọta bà nínú rẹ̀, awakọ̀ pẹ̀lú wọn. Mẹ́jọ ti kú. Ẹ̀kẹsàn-án kú sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni. Àwọn ọlọ́pàá méjì tí wọ́n kọ́kọ́ dé ibẹ̀ kì í ṣe ẹni tí iṣẹ́ ń wù, ẹsẹ̀ àwọn fúnra wọn ni ó sì ba ipasẹ̀ apànìyàn jẹ́. Oṣù méjì péré ṣáájú òru náà, ní ọjọ́ 3 oṣù September 1967, ni gbogbo Swídìn fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ ọ̀tún wakọ̀. Nàìjíríà ṣe irú rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù April 1972. Ẹni tí ó bá rántí bí ojú títì ti rí ní ọ̀sẹ̀ náà yóò mọ irú ìlú tí bọ́ọ̀sì yìí ń rìn nínú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn òkú inú bọ́ọ̀sì ni Åke Stenström, ọ̀dọ́ tí ó kéré jù nínú àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ń bá Beck ṣiṣẹ́.

Níbí gan-an ni ọ̀nà àwọn òǹkàwé ti pínyà. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Roseanna ti mọ Stenström. Ó ti rí i tí ó ń jẹ́ iṣẹ́ tí àwọn àgbà ń rán an, tí ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀, tí ojú ń tì í láàárín àwọn tí iṣẹ́ ti wọ̀ lẹ́wù. Bí irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ bá dé ojú ìwé tí Beck ti rí òkú náà, àyà rẹ̀ á já. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó bá ìtàn lágbedeméjì, orúkọ lásán ni. Gbogbo àwọn ọkùnrin inú ìwé náà dákẹ́, ojú wọn yí padà, òun nìkan ni kò mọ ẹni tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ó ń wò wọ́n bí àlejò ti ń wo ẹni tí ń sunkún ní ilé tí ó yà sí.

Òǹkọ̀wé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé àwọn kan yóò pẹ́ dé. Ohun tí Sjöwall àti Wahlöö ṣe fún irú wọn ni ohun tí ọmọ Yorùbá yóò pè ní oríkì. Bí Melander bá ti wọlé, wọn a sọ pé kì í gbàgbé ohun tí ó bá ti gbọ́ tàbí tí ó bá ti kà. Wọn a mẹ́nu kan ìkòkò tábà rẹ̀. Wọn a sì sọ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ènìyàn máa ń bá a bí wọ́n bá ń wá a. Rönn ni onímú pupa, ará òkè àríwá jíjìn. Gunvald Larsson ni òmìrán tí ó ti ṣiṣẹ́ ojú omi rí, tí aṣọ olówó ńlá kì í wọ́n lára rẹ̀, tí kò sì mọ ọ̀rọ̀ tútù sọ. Kollberg ni oníkùn ńlá tí ó fẹ́ràn oúnjẹ àti aya rẹ̀, tí ó sì kórìíra ìbọn. Beck ni ẹni tí inú ń run, tí otútù kì í fi sílẹ̀, tí ó ń kan ọkọ̀ ojú omi kéékèèké nínú ilé kí ó má ba à jókòó ti aya rẹ̀. Ìwé kan kò sí nínú mẹ́wàá náà tí wọn kò ti ki díẹ̀ nínú oríkì wọ̀nyí. Ẹni tí ó kà wọ́n léra léra lè sọ pé àtúnsọ náà ń sú òun. Bẹ́ẹ̀ ni ti oríkì ilé náà rí: ẹni tí ó mọ ogun àti ìyàn tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbọ́ ìtàn, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ń gbọ́ ohùn, orí àwọn méjèèjì sì ń wú.

Ṣùgbọ́n Stenström kò ní oríkì. Nínú ìwé kẹrin, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí béèrè irú ẹni tí ó jẹ́, ìbéèrè yìí sì lágbára nínú ìwé náà ju ìbéèrè pé ta ni ó pa á lọ. Wọ́n ṣí tábìlì rẹ̀. Kollberg ni ó ṣí i, kò sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà, nítorí ohun tí ó bá níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ojú ẹlòmíràn rí. Ó tún lọ bá Åsa Torell, obìnrin tí òun àti Stenström jọ ń gbé, ọ̀rọ̀ méjì tí kò bára mu ni ó sì jáde. Åsa sọ pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí ọkùnrin náà sinmi lọ́sàn-án àti lóru fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kollberg mọ̀ pé iṣẹ́ kò pọ̀ ní ọ́fíìsì rárá ní gbogbo ìgbà náà. Nínú ìwé àwọn mìíràn, ibí yìí ni obìnrin kejì ì bá ti yọjú. Nínú èyí, iṣẹ́ ni Stenström ń ṣe lóòótọ́. Ó ti gbé fáìlì àtijọ́ kan jáde, ti obìnrin Potogí kan tí wọ́n pa ní ọdún mẹ́rìndínlógún ṣáájú, tí ọwọ́ ọlọ́pàá kò tẹ ẹni tí ó pa á. Òun nìkan ni ó ń tọpinpin rẹ̀. Kò sọ fún ọ̀gá, kò sọ fún ẹgbẹ́, kò sọ fún obìnrin inú ilé. Ó fẹ́ kí àwọn àgbà rí i ní ọjọ́ kan pé òun náà tó tán.

Nígbà tí olùkọ́ náà ka ìwé dé ibí yìí, ó pa á dé, ó sì ṣí dúrọ́ọ̀. Ìdí ni pé ní ọ̀sẹ̀ tí ó dé, opó olóògbé ti wá sí ilé ẹ̀kọ́ náà láti kó ẹrù ọkọ rẹ̀. Ó kó agbòòrùn àti fìlà, ó fi ìwé sílẹ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Tíṣà, ẹ má bínú,” ni ó wí. “Ṣé ilé ìwé yín máa ń ṣe ìpàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀?”

“Màmá, ẹ̀yìn wọn ni mo dé o. Ṣùgbọ́n n ó bá yín wádìí rẹ̀.”

“Iṣẹ́ ni wọ́n máa ń sọ pé àwọn ń ṣe. Ilẹ̀ a ti ṣú kí wọ́n tó wọlé. Àwọn tíṣà tí mo bi léèrè ní aago méjì ni gbogbo wọn ń lọ sílé. Owó oṣù pàápàá, kì í pé délé mọ́.”

Olùkọ́ náà kò tíì rí ẹni bi léèrè láti ọjọ́ náà, tàbí kí ó jẹ́ pé kò mọ bí òun yóò ti béèrè rẹ̀ tí kò fi ní dà bí ẹni tí ń tú àṣírí òkú. Wàyí o, ó mú ìwé àjákọ aláwọ̀ ewé náà, ó kà á bí Beck ì bá ti kà á. Orúkọ méje ni ó wà nínú rẹ̀. Déètì ni ó tẹ̀ lé orúkọ kọ̀ọ̀kan, gbogbo déètì náà sì bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mẹ́rin, iye kéékèèké wà tí wọ́n ń ro pọ̀ mọ́ra wọn sísàlẹ̀. Gbogbo àwọn méjèèje wà ní kíláàsì àṣekágbá tí ó ń kọ́ láràárọ̀. Ó pe ọmọbìnrin tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú.

“Àwa tí a kò ṣe dáadáa nínú ìdánwò àṣewò ni, sà,” ni ọmọ náà wí. “Yàrá tí ó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ni wọ́n ti ń kọ́ wa. Wọ́n ní kí a má sọ ọ́, nítorí àwọn kan nínú wa, àwọn ni wọ́n ń bá wọn san owó ìdánwò díẹ̀díẹ̀.”

Olùkọ́ náà mú ìwé àjákọ náà lọ bá opó náà nílé. Ó ka orúkọ méjèèje lọ́kọ̀ọ̀kan, kò mọ ọ̀kan nínú wọn. Ó tún kà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Kí ni wọ́n ṣe wá fi pa mọ́ fún èmi?” Irú ìbéèrè yìí wà lọ́kàn Åsa Torell náà, kò sì sí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú ìwé náà tí ó rí èsì fún un, ohun tí Kollberg rí ṣe kò ju pé ó mú un lọ sí ilé òun fúnra rẹ̀, kí ó lè wà pẹ̀lú aya òun. Olùkọ́ náà kò ní èsì kankan. Ó sọ èyí tí ó mọ̀, pé owó ọmọ méjì kò tíì pé, àti pé ọjọ́ tí wọn yóò ti ìforúkọsílẹ̀ kò ju mọ́kànlá lọ mọ́.

“Èló ni ó ṣẹ́kù?” ni opó náà béèrè.

Àmì lẹ́ẹ̀dì olóògbé parí kí ìwé náà tó dé ìdajì. Kò kà á dé ibi tí wọ́n ti mọ ohun tí Stenström ń ṣe.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí ó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìtẹ̀ lé ètò ń ba adùn rẹ̀ jẹ́. Wọn kò parọ́. Àpẹẹrẹ tí ó burú jù ni ìwé kẹsàn-án, èyí tí ó jáde ní 1974. Nínú rẹ̀, apànìyàn inú ìwé kìn-ín-ní tún yọjú, wọ́n ti dá a sílẹ̀, wọ́n sì tún ń fura sí i nítorí ohun tí ó ti ṣe rí. Kò tán síbẹ̀: ẹni tí ó pànìyàn nínú ìwé kejì náà tún jáde níbẹ̀, ó ti yí orúkọ padà. Ẹni tí ó bá fi ìwé kẹsàn-án bẹ̀rẹ̀ ti mọ òpin ìwé méjì tí kò tíì ṣí. Orúkọ àwọn méjèèjì kò ní jáde níhìn-ín, nítorí ìwà ìkà ni irú rẹ̀ jẹ́ sí ẹni tí kò tíì kà wọ́n. Àwọn nǹkan mìíràn tún wà tí ìwé ẹ̀yìn ń tú láṣìírí: Åsa Torell di ọlọ́pàá fúnra rẹ̀, ilé Beck tú, Kollberg fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ní òpin ìwé kẹsàn-án yìí kan náà, nítorí kò lè fara mọ́ ohun tí iṣẹ́ náà ti dà.

Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbáradì fún ìdánwò ronú sí èyí nípa ìwé tiwa pẹ̀lú. Oládèjọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969, ó sì kọ Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ni akọni nínú méjèèjì. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mú Àgbàlagbà Akàn ti bá Lápàdé lójú ọ̀nà. Ìwà rẹ̀, ọ̀nà tí ó ń gbà bá ọlọ́pàá lò, gbogbo rẹ̀ ti ní gbòǹgbò níbi tí ojú irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ kò tó. Ó lè kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé òǹkọ̀wé kò ṣàlàyé ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ tó, kí àlàyé náà sì wà nínú ìwé tí kò kà. Ti Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú àwọn ìwé Kọ́lá Akínlàdé, yàtọ̀ díẹ̀: ọ̀ràn ọ̀tọ̀ ni ó ń dé bá a, ó ń yanjú rẹ̀, ó ń lọ, ó sì súnmọ́ Ìjàpá wa ju Beck lọ ní ti pé ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó bá wù ú. Èyí kì í ṣe àbùkù. Òǹkọ̀wé kan ń kọ́ ilé onílẹ̀kùn kan, èkejì ń kọ́ ilé onílẹ̀kùn púpọ̀.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí àwọn tí ń tẹ̀ lé ètò kò lè rí gbà. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fúnra rẹ̀, agbedeméjì ni ó máa ń bá ọ̀ràn. Nígbà tí wọ́n bá ránṣẹ́ sí i, òkú ti tutù, ẹni tí ó ṣe é ti lọ, àwọn aládùúgbò ti gbàgbé ohun tí wọ́n rí, tàbí kí wọ́n má fẹ́ rántí. Kò sí ẹni tí yóò sọ ìtàn náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú àpá ni yóò máa wò tí yóò fi mọ irú ọgbẹ́ tí ó wà níbẹ̀ rí. Òǹkàwé tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé kìn-ín-ní mọ ju Beck lọ nígbà púpọ̀, ó ti di ará ilé. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní ìwé kẹrin kò mọ̀ ju ọlọ́pàá lọ. Kí ni ó dé tí Beck kì í fi í sùn nínú yàrá aya rẹ̀? Kí ni ó dé tí Kollberg kò fi ń gbé ìbọn? Wọn kò dáhùn fún un. Ó ní láti máa ṣa ìdáhùn jọ ní ojú ìwé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ohun mìíràn, gẹ́gẹ́ bí Rönn ti ń fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ń kú lọ, tí wọ́n wá ń gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́ kí ó tó yé wọn.

Láti ara orúkọ ìwé náà ni èyí ti hàn jù. Ọmọbìnrin Beck ra àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kan fún un ní ọjọ́ Kérésìmesì, orin àtijọ́ tí Charles Penrose ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa ọlọ́pàá tí kò lè dẹ́kun ẹ̀rín. Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, Beck nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n láti ìwé kìn-ín-ní á sọ pé bí ó ti ń ṣe nìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí á dúró. Á máa wo ọkùnrin kan tí ó jókòó láàárín ẹbí rẹ̀ bí ẹni tí ń dúró de ọkọ̀, á sì rò ó pé ikú Stenström ni ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Kò gbà á lọ́nà tí àwọn òǹkọ̀wé náà pète rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó gbà kò kéré. Ní ojú ìwé ìkẹyìn, nígbà tí ọ̀ràn náà ti yanjú tán, ìròyìn kan dé láti inú àwọn ìwé tí Stenström fi sílẹ̀, Beck sì rẹ́rìn-ín. Ìròyìn náà pẹ́ dé ni. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, àwọn àgbà ti sọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe.

Ó pẹ́ kí olùkọ́ náà tó rí àwọn ìwé ìyókù. Ìwé kẹfà ni ó kọ́kọ́ rí, lórí àtẹ àwọn tí ń ta ìwé àlòkù, níbẹ̀ ni ó sì ti bá Åsa Torell láàárín àwọn ọlọ́pàá. Inú rẹ̀ dùn sí i bí ẹni tí ó gbọ́ pé ara ìbátan òun ti yá. Ìwé kẹwàá ni ó tẹ̀ lé e. Olórí ìjọba Swídìn ni ọmọdébìnrin kan yìnbọn pa nínú rẹ̀, ọdún mọ́kànlá sì ni ó wà láàárín ìgbà tí ìwé náà jáde àti òru ọjọ́ 28 oṣù February 1986 tí wọ́n yìnbọn pa olórí ìjọba náà, Olof Palme, ní òpópónà Stockholm. Olùkọ́ náà ka apá yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún lọ wá àwọn tí ó kù. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni Roseanna dé ọwọ́ rẹ̀.

Ìwé yẹn kò yára. Wọ́n wú òkú obìnrin kan jáde láti inú odò tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi ní ẹ̀bá ìlú Motala, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, oṣù sì ń gorí oṣù kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn tí ń bẹ̀rẹ̀ láti ibí yìí lè fo ojú ìwé mìíràn. Olùkọ́ náà kò fò ọ̀kan. Ó ń wá ẹnìkan. Ó ti mọ bí yóò ti kú, ó mọ òru tí yóò kú, ó mọ obìnrin tí yóò fi sílẹ̀ àti ohun tí kò ní sọ fún un. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ọ́fíìsì kan ṣí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì wọlé láàyè. Àwọn àgbà kò fi bẹ́ẹ̀ wo ojú rẹ̀. Bí ìwé náà ti ń lọ, wọ́n fi í kún àwọn tí yóò máa tẹ̀ lé ọkùnrin kan tí wọ́n ń fura sí kiri ìgboro, ó sì ń tẹ̀ lé e nínú òtútù, láìráhùn, bí ọmọ tí ó fẹ́ kí wọ́n tún rán òun níṣẹ́.

Olùkọ́ náà padà sí ibi tí orúkọ Stenström ti kọ́kọ́ jáde, ó mú lẹ́ẹ̀dì, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.